Ọwọ́ Ta Ni Kí Á Fi Ìwé Ọjà Wa Sí?

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá kan ń ta wáyà iná ní Alábà, ní Ọ̀jọ́. Oníbàárà 40 ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Inú fóònù ni ó kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bí fóònù náà bá bọ́ sómi ńkọ́? Kí ni yóò fi sin gbèsè?

Nítorí èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣe ń bá ni tọ́jú ìwé ọjà sínú kọ̀ǹpútà ńlá tiwọn. À ń san owó fún wọn bí ẹni ń san owó ìsọ̀. Cloud ni òyìnbó ń pè é, èyí ni àwọsánmà. Àmọ́ kì í ṣe ojú ọ̀run ni ìwé náà wà o! Inú ilé ni, lórí ilẹ̀. Amazon bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 2006. Microsoft àti Google náà ń ṣe é.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí á tó yan ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí á béèrè nǹkan mẹ́rin.

1. Owó wo ni wọ́n ń gbà? Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báǹkì. Ní Oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tí ń san dọ́là 10 lóṣù kò fi kún un, síbẹ̀ náírà tó ń ná fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

2. Ibo ni ilé náà wà? Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Nàìjíríà. Àwọn báǹkì míì kò lè dá oníbàárà lóhùn. Nítorí náà, ibi yòówù kí ilé náà wà, ẹ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

3. Ta ni ó lè rí i? Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 2023 sọ pé kí á dáàbò bò ó. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín han ọmọ iṣẹ́ tí kò nílò rẹ̀.

4. Bí a bá fẹ́ kó jáde ńkọ́? Ilé tó rọrùn láti wọ̀, tí kò ṣe é jáde, ẹ̀wọ̀n ni. Kí ẹ tó sanwó ọdún kan, ẹ kó ìwé díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì gbà á padà. Bí kò bá pé, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ̀yin ará Ìbà, Òkòkòmaikò àti gbogbo Igbó-Elérin, a kò ní kí ẹ ju ìwé gbèsè ọlọ́wọ́ nù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá mọ̀wé kì í gbẹ́kẹ̀ lé ibì kan ṣoṣo.

Ìbéèrè
1. Kí ló mú kí dọ́là 10 wọ́n wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ nítòsí Abidjan ní 2024?
3. Ẹ kọ orúkọ ibi méjì tí ẹ̀ ń kọ gbèsè ọjà yín sí. Ṣé ó pé méjì?