Obìnrin kan dá tukọ̀ lórí Odò Ọya

Ẹ jẹ́ kí a kà:

Odò Ọya gùn púpọ̀. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 4180 kìlómítà. Ilẹ̀ Giné ni ó ti ṣẹ̀. Ó gba Málì àti Nìjẹ̀r kọjá. Ó kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní Malanville. Lẹ́yìn náà, ó wọ Nàìjíríà, ó sì lọ sí òkun.

Ní ọdún 1796, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Mungo Park dé Ségou, ní etí odò náà. Ó padà wá ní 1805 pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tí ó kù wọ ọkọ̀. Wọn kò fẹ́ yà sí ìlú kankan. Bí àwọn ará etídò bá sún mọ́ wọn, wọn a yìnbọn. Ní 1806, Mungo Park kú sínú odò ní Busa, níbi tí àpáta pọ̀ nínú omi.

Ní ọdún 2002, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Kira Salak, gbéra ní Ségou. Òun nìkan ni. Timbuktu ni ó ń lọ. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 960 kìlómítà: ó gùn ju ọ̀nà Kutonu sí Malanville lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ kéré. Rọ́bà ni, tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú.

Ìjì ni ó kọ́kọ́ pàdé. Ní ọjọ́ kìíní gan-an, iṣan kan já ní apá rẹ̀. Kò padà. Erinmi wà nínú odò. Àwọn ọkùnrin kan fi ọkọ̀ lé e. Ìgbẹ́ gbuuru mú un, ó rẹ̀ ẹ́ gidigidi.

Kí ni ó gbé e débẹ̀? Kì í ṣe agbára apá nìkan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó máa ń yà sí abúlé. Ó máa ń kí baálé, a sì tọrọ ibi tí yóò sùn. Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbà á fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn. Ó dé Timbuktu láàyè.

Ó dá tukọ̀, ṣùgbọ́n kò dá nìkan gbé e débẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìbéèrè

1. Níbo ni Odò Ọya ti kan ilẹ̀ wa?
2. Kí ni Kira Salak ṣe tí Mungo Park kò ṣe?
3. Bí àlejò bá dé abúlé yín ní alẹ́, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí? Ẹ jọ sọ ọ́.

Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé yín: tukọ̀, etídò, erinmi, àlejò.