Oògùn ara yíyún ń mú oorun wá

Àsìkò ọyẹ́ ni, eruku pọ̀ ní Kétu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a wà ní kíláàsì, à ń kàwé. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń fi alùpùpù gbé èrò ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ pọ̀ lónìí ni?"

Ó ní: "Rárá o. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sín. Ojú ń yún mi, imú ń ṣomi. Mo bá gbé oògùn kan mì. Sísín náà ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n oorun yìí kò jẹ́ kí n ríran."

Ó fi páálí oògùn náà hàn wá. Chlorphéniramine ni wọ́n kọ sí i. A gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ló gbé e délé. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo kíláàsì ń béèrè: báwo ni oògùn imú ṣe ń mú ènìyàn sùn?

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ara wa tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n wà nínú awọ, nínú imú, nínú ọ̀fun. Wọ́n tọ́jú ohun kan tí à ń pè ní hísítámìn. Bí ohun tí ara ẹnìkan kò gbà bá wọlé, bí eruku, edé, akàn tàbí oró oyin, àwọn ẹ̀ṣọ́ á ṣe bí ẹni pé ọ̀tá ló dé. Wọ́n á da hísítámìn síta. Ẹlòmíràn a jẹ edé kan náà, nǹkan kan kò ní ṣe é.

Hísítámìn ní àga tirẹ̀ lára iṣan ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti jókòó síbẹ̀, iṣan á fẹ̀, omi á máa jò jáde. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń wú, tó ń pọ́n, tí imú ń ṣomi. Hísítámìn náà ló tún ń jẹ́ kí awọ máa yún.

Oògùn yìí kì í lé eruku, kì í sì í pa hísítámìn. Àga ni ó ń gbà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà mọ̀ ọ́n: ẹni tó tètè dé ló ń rí ibi jókòó. Nítorí náà, ó dára kí a tètè lò ó. Ibi tó ti wú kì í lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ọdún 1937, Daniel Bovet àti Anne-Marie Staub rí irú oògùn yìí àkọ́kọ́ ní Institut Pasteur ní Paris. Ti àkọ́kọ́ náà le jù fún ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1940 ni a tó rí èyí tí ènìyàn lè lò, prométhazine sì wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n àga hísítámìn wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ojú wa là. Àwọn oògùn àtijọ́ wọ̀nyí ń wọ inú ọpọlọ, wọ́n á gba àga náà. Oorun dé nìyẹn! Àwọn tuntun, bíi loratadine, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Ti àtijọ́ tún ń mú kí ẹnu gbẹ, ìtọ̀ sì lè ṣòro fún àwọn bàbá àgbà.

Ẹni tó lò ó kò gbọdọ̀ gun alùpùpù, kò sì gbọdọ̀ mu sódábì. Mo ti gbọ́ pé àwọn ìyá kan ń fún ọmọ ọwọ́ ní síróò prométhazine kí ó lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Ó lè dá èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 dúró.

Bó bá jẹ́ ètè àti ahọ́n ló ń wú, tí èémí ń há, ẹ má dúró de oògùn yìí. Kò yá tó, agbára rẹ̀ kò sì tó. Abẹ́rẹ́ adrénaline ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀gbọ́n wa ń lo tirẹ̀ lálẹ́ báyìí, lẹ́yìn tó bá ti gbé alùpùpù wọlé. Bí oorun bá ṣì kù lójú rẹ̀ láàárọ̀, á dúró díẹ̀ kó tó jáde.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí: Kí ni ara tiyín kò gbà? Oògùn wo ló wà nílé yín tí kò ní páálí mọ́, ta ni ó sì mọ orúkọ rẹ̀?