Bí A Ṣe Ń Mọ Kọ̀ǹpútà Tí Ó Lè Gbé Àwòrán Àlọ́ Jáde

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ wa, pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ni ó pa àwa méjèèjì pọ̀. Àlọ́ ni ó pa wá pọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a jọ ń gbé ní Akówọnjọ ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ni a pinnu láti fi àlọ́ Ìjàpá tí ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀ ṣe fíìmù oníṣẹ́jú 4. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó mọ iṣẹ́ àwòrán. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ àti orin rẹ̀. Owó tí a fi ọdún kan àtààbọ̀ tù jọ ni a fi ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, owó náà sì wọmi. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ wa tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má baà gba ọ̀nà tí àwa gbà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Nínú fíìmù irú èyí, ayàwòrán kì í ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sórí pépà. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ti ń mọ Ìjàpá bí ẹni ń mọ ère, tí yóò kùn ún lọ́dà, tí yóò sì gbé fìtílà àti oòrùn síbi tí ó wù ú. Ètò tí àwa ń lò ni Blender, tí Ton Roosendaal ará ilẹ̀ Netherlands pilẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé láti 2002. Nígbà tí ayàwòrán bá ti ṣe tirẹ̀ tán, kọ̀ǹpútà ni yóò wá máa ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta láti ara ohun kan sí ara òmíràn kí ó tó dé ojú òǹwòran. Iṣẹ́ ìṣirò yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rendering; gbígbé àwòrán jáde ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. (Èdè Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 kò kúkú wà fún irú èyí, ti ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni. Iṣẹ́ ṣì ń dúró dè wá.) Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ó ń yára ṣe ìṣirò náà jù lọ ni graphics card, tí n óò máa pè ní káàdì.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú ẹni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún fíìmù oníṣẹ́jú 4, ó di àwòrán 5,760. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fi ìṣẹ́jú 3 gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, wákàtí 288 ni, èyí tí í ṣe ọjọ́ 12 tọ̀sán-tòru láìsinmi. Bí ó bá ń fi ìṣẹ́jú 1 ṣe é, ọjọ́ 4 péré ni. Àwọn mìíràn a máa ṣe àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìjàpá kò kúkú yára rìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní agbára tiwọn: Iwájú, eré Èkó tí Disney àti Kugali gbé jáde ní 2024, ilé-iṣẹ́ Cinesite lókè òkun ni ó ṣe iṣẹ́ àwòrán rẹ̀. Àwa tí a kò lè rà ju ẹyọ kan lọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí a óò rà.

Bí ọ̀ràn tiwa ṣe rí nìyí. Ọkùnrin kan mú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wá fún wa. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé, iná búlúù ń tàn nínú rẹ̀ bí ilé ìyàwó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tí èyí kò ní gbé." Ó fi fíìmù kan hàn wá, àwòrán náà sì ń dán. Orúkọ tí a rí fún káàdì náà ni GTX 1050 Ti, GB 4. A sanwó. Nígbà tí a dé ilé, Blender kò rí káàdì kankan. Nígbà tí a fi ètò kékeré kan tí ń jẹ́ GPU-Z yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ FAKE ṣáájú orúkọ náà. GTX 550 Ti, ọmọ ọdún 2011, ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Títí di òní, fóònù ọkùnrin náà kò wọlé mọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí fíìmù máa dán lójú kì í ṣe ẹ̀rí. Káàdì tí ó ti gbó pàápàá lè fi fíìmù hàn, nítorí pé àwòrán tí ẹlòmíràn ti gbé jáde ni. Géèmù náà kò tó ẹ̀rí: géèmù máa ń gba ọ̀nà àbùjá kí àwòrán 60 lè jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí iṣẹ́ tiwa ń tọpa ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbà ní orúkọ ní í ro ọmọ, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ro káàdì. Ẹ wo GTX 1060 tí ó jáde ní 2016. Èyí tí ó ní GB 6 ní ojúṣẹ́ ìṣirò 1,280. Èyí tí ó ní GB 3, tí ń jẹ́ orúkọ kan náà, ní 1,152. Kì í ṣe mẹ́mórì nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Ẹ má béèrè orúkọ lásán; kí GPU-Z sọ iye rẹ̀ fún yín kí owó tó kúrò lápò.

Mẹ́mórì káàdì ni ọ̀ràn tí ó fún wa ní wàhálà jù, òun náà ni mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ohun gbogbo tí ó wà nínú ìran kan, igi, ilé, ènìyàn, aṣọ, ni yóò wọ inú mẹ́mórì yìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbà wọ́n, iṣẹ́ lè kọ̀, ó sì lè máa wọ́ bí ìgbín. Àwòrán aṣọ kan tí ó fẹ̀ ní 4,096 sí 4,096 ń gba nǹkan bí MB 64. Nílé àna Ìjàpá, àlejò 30 ni ẹ̀gbọ́n mi kó jọ, ó sì wọ àdìrẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún olúkúlùkù: aṣọ nìkan ti jẹ GB 2 tán. Èmi ni mo ní kí a wọ aṣọ ẹbí fún wọn. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń gbé aṣọ kan náà wọlé, ì báà jẹ́ ènìyàn 30 ni ó wọ̀ ọ́, MB 64 péré ni ó kù. Síbẹ̀, pẹ̀lú igi àti èéfín àsáró, ìran náà ṣì lé ní GB 9.

Bí a bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà méjì wé ara wọn, iṣẹ́ kan náà ni kí a gbé fún wọn. Àwòrán 3840 sí 2160 ní ojúkan ìlọ́po 4 ti 1920 sí 1080. Bẹ́ẹ̀ ni iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń yẹ ojúkan kọ̀ọ̀kan wò: Blender fúnra rẹ̀ máa ń gbé e sí 4,096, òǹtajà sì lè fà á sí 128 kí ọjà rẹ̀ lè dà bí ẹni tí ó yára. Àwọn tó ni Blender ní ìdánwò kan fún gbogbo ènìyàn, tí àbájáde rẹ̀ wà ní gbangba. Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í wo ago aláago ṣiṣẹ́. Nínú ìdánwò wọn, kò sí èéfín àsáró lábẹ́ fìlà, bẹ́ẹ̀ sì ni èéfín ni ó ń jẹ àkókò jù nínú iṣẹ́ tiwa, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí ó ń fọ́n káàkiri.

Ooru ńkọ́? Káàdì tí ó bá gbóná jù yóò dín eré ara rẹ̀ kù. Nítorí náà, ẹ má wo àwòrán kan ṣoṣo kí ẹ sì gbà. Ẹ jẹ́ kí ó gbé 20 jáde tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ fi àkókò ìkẹyìn wé ti àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa lára tòkunbọ̀, torí pé nígbà tí Ethereum pa wíwa owó pẹ̀lú káàdì tì ní oṣù kẹsàn-án 2022, ọ̀pọ̀ káàdì tí ó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni ó bọ́ sí ọjà.

Ní ti iná, ẹ̀yin náà mọ bí ó ti rí. Bí odindi kọ̀ǹpútà bá ń jẹ wáàtì 300, wákàtí 288 yóò jẹ nǹkan bí yúníìtì 86 lórí mítà. Ẹ má sì jẹ́ kí ó máa gbé fíìmù jáde ní odindi. Kí ó máa kọ àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wákàtí 9 ni a pàdánù ní alẹ́ ọjọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà tí a yá, nítorí pé fíìmù kò tíì parí nígbà tí iná lọ.

Nígbà tí a tún rí owó díẹ̀, a gba Dọ̀pẹ̀mú lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, iṣẹ́ wa wà nínú flash. Àwọn kan kò jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan ọjà wọn. A kí wọn, a lọ. Ìyá kan gbà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó, ẹ dán an wò." Káàdì méjì ni ó ní: RTX 3060 tí ó ní GB 12, àti RTX 3060 Ti tí ó ní GB 8. Nínú ìran tí Ìjàpá dá wà, Ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 46 ṣe é, èkejì fi 58. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn sí Ti. A wá ṣí ilé àna: Ti kọ̀ jálẹ̀, kò gbà á. 3060 fi ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 gbé e jáde, ìkogún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìkíní dọ́gba. Òun ni a rà.

Títí di àsìkò tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwòrán 3,912 ti jáde nínú 5,760. Ìjàpá ti dé fìlà, òógùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀.