Bídọ́ọ̀nù di Ojú Ènìyàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ta ni kò mọ bídọ́ọ̀nù láàárín wa? Ike tí a fi ń gbé epo ẹ̀sáǹsì ni. Orí alùpùpù ni wọ́n máa ń dì í sí, tí wọ́n fi ń kó epo bọ̀ láti Nàìjíríà. Àwọn kan a máa fi iná mú un gbóná kí ó lè wú, kí ó lè gba epo sí i. Bí ó bá wú, ara rẹ̀ a fẹ́lẹ́. Bí iná bá kàn án, ẹni tí ó gbé e kò ní ibi sá sí. Nígbà tí ó bá ya, a ó jù ú sí ààtàn.

Ọmọ Àjàṣẹ́ kan kò jù ú nù. Orúkọ rẹ̀ ni Romuald Hazoumè. Ọdún 1962 ni a bí i. Ó mú bídọ́ọ̀nù àlòkù, ó gé e. Ẹ wo èyí tí ó wà nílé yín dáadáa. Ihò tí epo ń gbà jáde di ẹnu. Ọwọ́ tí a fi ń gbé e di imú. Ike di ojú ènìyàn.

Ẹ ó bi wá pé: àwọn agbẹ́gi Kétu a máa fi igi gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kí ló dé tí ọkùnrin yìí kò wá igi?

Ìdáhùn wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó pè ní La Bouche du Roi, èyí ni Ẹnu Ọba. Orúkọ ibì kan ni, létí òkun ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́. Láti 1997 dé 2005 ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà. Ojú bídọ́ọ̀nù 304 ni ó tò sílẹ̀ bí ọkọ̀ òkun. Ó tẹ̀ lé àwòrán ọkọ̀ Brookes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1789 láti fi han ayé bí wọ́n ṣe ń to ẹrú bí ẹni to igi ìdáná. Fíìmù àwọn tí ń fi alùpùpù gbé epo wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2007, nígbà tí ó pé 200 ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ra iṣẹ́ náà.

Ẹ rò ó wò. Wọ́n fún ẹrú mọ́ ọkọ̀ títí ààyè fi tán. A rọ epo sí bídọ́ọ̀nù títí ó fi fẹ́ bẹ́. Wọ́n lo ẹrú títí agbára rẹ̀ fi tán. A lo bídọ́ọ̀nù títí ó fi ya. Bí ó bá jẹ́ igi tuntun ni, ọwọ́ agbẹ́gi nìkan ni à bá máa yìn. Ṣùgbọ́n ike yìí ti jìyà kí ó tó di ère. Ìyà náà ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń bi wá pé: ta ni ó ń jẹ èrè ẹrù, ta ni ó sì ń jóná nídìí rẹ̀?

Ẹ dáhùn:
1. Kí ni wọ́n máa ń ṣe sí bídọ́ọ̀nù kí ó lè gba epo púpọ̀? Ewu wo ni ó wà níbẹ̀?
2. Ọ̀nà wo ni bídọ́ọ̀nù gbà jọ ẹrú inú ọkọ̀?
3. Ẹ mú ohun àlòkù kan nílé yín. Ta ni ó ti lò ó? Ìtàn wo ni ó lè sọ?