Wúrà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé wúrà ń bẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìwọ̀nba ni ó mọ bí ó ṣe dé ibẹ̀.

Àpáta àtayébáyé ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Ní agbègbè Ifẹ̀wàrà, agbára inú ilẹ̀ mú kí àpáta sán. Omi gbígbóná tí wúrà yọ́ sínú rẹ̀ gba ojú sísán wọ̀nyí gòkè. Nígbà tí ó tutù, ó fi òkúta funfun líle sílẹ̀, wúrà sì há sínú rẹ̀. Irú èyí ni ti Ìpèrindó. Òjò àti oòrùn fọ́ òmíràn, àgbàrá sì gbé e lọ sínú odò. Nítorí pé wúrà fi nǹkan bí ìlọ́po 19 wúwo ju omi lọ, ó rì sí ìsàlẹ̀ yanrìn. Irú èyí ni wọ́n ń wà ní Ìtàgúnmọdì.

Láti ayé ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ń jọ ọ́ nínú odò. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ gbẹ́ ihò tóóró sínú àpáta láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Thor Explorations yọ́ wúrà àkọ́kọ́ ní Sẹ̀gilọlá.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Zamfara. Ní ọdún 2010, òjé inú òkúta wúrà tí àwọn ará ibẹ̀ ń lọ̀ nínú agbo ilé pa àwọn ọmọdé tí ó lé ní 100.

Ẹ̀yin òbí, ilé ẹ̀kọ́ ni ààyè ọmọ, kì í ṣe kòtò wúrà.