Àwo Orin Flamenco Márùn-ún fún Olùkọ́ Àṣà: Láti Ìpìlẹ̀ dé Ìyípadà

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwo orin flamenco márùn-ún tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wọn, fún ìgbádùn àti fún ẹ̀kọ́. Ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìpìlẹ̀ àṣà kan kò yẹ ní ẹni tí yóò dájọ́ ìyípadà tó dé bá a. Ìdí nìyí tí a fi to àwọn àwo náà ní títẹ̀lé ọdún tí wọ́n jáde.

Ìfáàrà
Flamenco ni orúkọ tí wọ́n fún àkójọpọ̀ orin kíkọ, gìtá títa, àtẹ́wọ́ àti ijó àwọn ará Andalucía, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Spéìn. Sevilla, Jerez àti Cádiz wà lára àwọn ìlú tó ti gbilẹ̀ jù. Ipa àwọn Gitano, ẹ̀yà kan tí ojú wọn rí màbo lọ́wọ́ ìjọba àti aráàlú, hàn gbangba nínú rẹ̀. Ẹnu àgbà ni ọmọdé ti ń kọ́ ọ, nínú ẹbí, níbi ìgbéyàwó àti nídìí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO fi flamenco sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà ọmọnìyàn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ pàdé flamenco, orin gìtá tó yá, tó ń mórí yá, ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Bẹ́ẹ̀ ohùn ni olórí flamenco. Gìtá a máa gbè é lẹ́yìn ni.

Ohun tí etí ní láti kọ́kọ́ mọ̀
Oríṣiríṣi ni orin flamenco, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ, ìṣọwọ́kọ àti òṣùwọ̀n tirẹ̀. Soleá jẹ́ orin àròjinlẹ̀ tó ń rọra lọ. Ìró 12 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá ń kà láti 1 dé 12, tó sì ń tẹ 3, 6, 8, 10 àti 12 mọ́lẹ̀ nínú àtẹ́wọ́, ti di ìdí rẹ̀ mú. Bulerías náà ń lo ìró 12, ṣùgbọ́n eré ló ń sá. Orin ọ̀fọ̀ ni siguiriya. Òṣùwọ̀n mẹ́rin-mẹ́rin ni tangos àti rumba ń tẹ̀lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè ń wọ àlejò létí.

Àwọn àwo márùn-ún náà
(i) Antología del cante flamenco (1954): Ní ọdún 1922, Manuel de Falla tó jẹ́ olórin àti akéwì Federico García Lorca wà lára àwọn tó ṣètò ìdíje orin ní Granada, nítorí ìbẹ̀rù pé ojúlówó orin àtijọ́ ń lọ sí ìparun. Àkójọ yìí dáhùn ìbẹ̀rù yẹn. Perico el del Lunar ló ta gìtá; àwọn àgbà bíi Pepe el de la Matrona àti Rafael Romero ló kọrin. Ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ gbé e jáde kí wọ́n tó tà á ní Spéìn. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

(ii) Fuente y caudal (1973): Orísun àti ìṣàn omi ni orúkọ àwo Paco de Lucía yìí ń tọ́ka sí. Inú rẹ̀ ni "Entre dos aguas" wà, rumba tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kí olùgbọ́ má dúró síbẹ̀. Bulerías, tangos àti taranta tó wà nínú àwo kan náà ni yóò fi hàn án pé ẹni tó ta rumba yẹn ti mu omi nínú orísun àtijọ́.

(iii) La leyenda del tiempo (1979): Gitano ni Camarón de la Isla. Láàárín ọdún 1969 sí 1977, òun àti Paco de Lucía ti ṣe àwo mẹ́sàn-án tí àwọn àgbà fọwọ́ sí. Nínú èyí, ó fi ewì Lorca kọrin, ó sì gba ohun èlò oníná-mànàmáná àti sitar ilẹ̀ Íńdíà láàyè. Àwọn tó ń ṣọ́ àṣà bínú, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì rà á. Lónìí, ara àwọn àwo tí wọ́n kà sí pàtàkì jù nínú ìtàn flamenco ló wà.

(iv) Lágrimas negras (2003): Bebo Valdés, ọmọ Kúbà, ló tẹ dùùrù, Diego el Cigala, Gitano láti Madrid, ló kọrin. Orin Kúbà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà flamenco sì ni Cigala gbà kọ ọ́. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ pé Valdés yìí kan náà ló mú ìlù bàtá, tí àwọn ẹrú ọmọ Yorùbá gbé dé Kúbà, wọ inú ẹgbẹ́ olórin ijó ní ọdún 1952, nínú orin tó pè ní batanga.

(v) El mal querer (2018): Iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ ni Rosalía fi ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní Barcelona, ìtàn àtijọ́ kan láti ọ̀rúndún kẹtàlá ló sì gbé e kà. Ó pa àtẹ́wọ́ bulerías pọ̀ mọ́ ìró kọ̀ǹpútà. Àwọn kan fi ẹ̀sùn kàn án pé ọmọ Catalonia tí kì í ṣe Gitano ń jèrè ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí olùgbọ́ tó dá sí i, kó gbọ́ Los Ángeles (2017), níbi tó ti fi ohùn àti gìtá kan ṣoṣo kọ orin àwọn àgbà.

Ìmọ̀ràn fún olùkọ́
Àwo kan fún ọ̀sẹ̀ kan tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìka nǹkankan nípa rẹ̀, kó tún un gbọ́ pẹ̀lú àtẹ́wọ́, kó sì kọ ohun tó yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀. Ojúlé tó ní àṣẹ ni kó ti rà á. Ẹni tó bá gba orin níbi tí wọ́n ti jí i gbé ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó ń pa àṣà mọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn àwo wọ̀nyí fi hàn pé ohun tí wọ́n pè ní ìbàjẹ́ ní ọdún 1979 ti di ogún fún ìran tó tẹ̀lé e. Wọ́n tún fi hàn pé Camarón kò yí ohun tí kò mọ̀ padà. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Odò tó bá sì kọ̀ láti ṣàn yóò di àbàtà. Olùkọ́ tó bá ti fi etí rẹ̀ gbọ́ èyí yóò fara balẹ̀ kó tó sọ fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó gbé orin tuntun dé pé ó ti ba àṣà jẹ́. Ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, lẹ́sẹ̀ ta ni ó ti kọ́ ti àtijọ́?