Má Dá a Gbé: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí a bá bi yín pé ṣé dáadáa ni, "mo wà pa" lẹ máa ń dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò wà pa. A ń rí i lójú yín, ó sì ń dun èmi ìyá yín pé àwọn ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń jẹ, tẹ́ ẹ jọ ń mu, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

1. Tètè sọ ọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa. Kò sọ fún ìyàwó, kò sọ fún ọ̀rẹ́. Láràárọ̀ ni yóò lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yóò so táì, yóò gbé báàgì kọ́ èjìká, yóò sì jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ibùdókọ̀ ló ń lọ jókòó sí títí dìrọ̀lẹ́. Owó oúnjẹ tó ń gbé sílẹ̀ lóṣooṣù, orí fóònù ló ti ń yá a. Nígbà tí kò rí i san mọ́, àwọn ayánilówó náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀ pé olè ni: àna rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Àṣírí tó fi ìtìjú bò mọ́lẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló tú u síta. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà lára àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà, tó ti ń wá òṣìṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti oṣù mélòó kan ṣáájú.

2. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó o wá. Mo mọ̀ pé àwọn òbí yín kìlọ̀ fún yín pé ẹ má finú han ayé, mi ò sì ní kí ẹ kọtí ikún sí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó bá gbé ìṣòro rẹ̀ sórí WhatsApp status, ayé ló sọ ọ́ fún lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀rẹ́ kan kì í ṣe ayé. Wo bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níjòókòó. Bí ó bá ń gbé àṣírí wọn wá bá ọ, tìrẹ náà yóò dé ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí o yá lówó, tí ọjọ́ pé tí owó kò pé, tó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún ọ, ẹni yẹn mọ bó ṣe ń rí lára. Òun ni kó o kọ́kọ́ lọ bá.

3. Bí o bá ti jókòó tì í, là á mọ́lẹ̀. "Nǹkan le díẹ̀" kò tó. Ta ni nǹkan ò le fún? Sọ pé, "₦400,000 ni mo jẹ, ìparí oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ gbà á." Sọ pé, "Ìgbà kejì rèé tí oyún bàjẹ́ lára ìyàwó mi, mi ò sì rí oorun sùn." Kí o sì sọ ohun tó o wá fún. Àìmọye ọ̀rẹ́ ló ti sá nítorí wọ́n rò pé owó la wá tọrọ. Bó bá jẹ́ etí lásán lo fẹ́, wí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ owó, wí bẹ́ẹ̀ náà.

4. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ sunkún bó bá gba ẹkún.

5. Ìwọ tí wọ́n wá bá, gbọ́ ná. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n má fi "Ọlọ́run á ṣe é" gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka tìrẹ lé tirẹ̀ lórí. Ní Harare, ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, dókítà kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2006 tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ńṣì Ọ̀rẹ́. Àwọn ìyá àgbà àdúgbò ló kọ́, kì í ṣe àwọn dókítà. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀, wọ́n á wá ràn án lọ́wọ́ láti mú ìṣòro kan nínú gbogbo rẹ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ dojú kọ. Ìwọ náà lè bi ọ̀rẹ́ rẹ bẹ́ẹ̀: "Nínú gbogbo èyí, èwo ni ká kọ́kọ́ mú?" Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, pè é padà. Má dúró dìgbà tó bá pè ọ́.

6. Bí ó bá ní ayé ti sú òun, má ṣe rẹ́rìn-ín, má sì bá a wí. Bi í ní tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọ́ ni yóò gbé èrò náà sí i lórí. Má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lálẹ́ ọjọ́ náà. Kó oògùn kòkòrò àti ohun olóró gbogbo kúrò nítòsí rẹ̀. Bó bá tiẹ̀ ti bẹ̀ ọ́ pé kó o má sọ, wá ẹnì kan tó fọkàn tán nínú ẹbí kó o sọ fún un, kí ẹ sì jọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, inú abúlé láàárín àwọn àgbẹ̀ ló fi wọ́n sí, ó sì ní kí ará ilé kọ̀ọ̀kan wá bá ẹni tirẹ̀ gbé. Nítorí náà, má kàn júwe ọ̀nà fún un. Bá a dé ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Arò, tàbí èyí tó wà ní Yábàá l'Ékòó, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín jù. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, kó o sì mú owó káàdì àti oúnjẹ dání, torí ó lè pẹ́ kó tó kàn yín.